Ẹ Má Jẹ́ kí Ọlọ́jà Rẹ́ Yín Jẹ

Àwọn àgbà ní ẹni tí a bá ń bá ná ọjà ni à ń wò, a kì í wo ariwo ọjà. Mo ti pa òwe yìí fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi ní àìmọye ìgbà, nígbà tí mo bá ń kọ́ wọn bí a ti í ṣe ètò ìnáwó ilé. Ṣùgbọ́n n kò ní í purọ́ fún yín, ẹ̀yin ìyàwó ilé àti ẹ̀yin abiyamọ tí ẹ ń ka ojú ìwé yìí: ọdún 2021 ni òwe náà tó yé mi yékéyéké. Kọ̀ǹpútà alágbèéká kan ni ó kọ́ mi ní ìtumọ̀ rẹ̀, owó ẹ̀kọ́ tí mo sì san kò kéré.

Ẹ̀kọ́ nípa ìtọ́jú ilé àti oúnjẹ ni mo ń kọ́ àwọn ọmọ ní ilé-ẹ̀kọ́ gíga kan. Ní ọdún tí mo ń wí yìí, èmi fúnra mi tún jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́, nítorí pé mo ń ṣe ìwádìí láti gba oyè ọ̀mọ̀wé. Ohun tí mo ń wádìí ni irú oúnjẹ tí àwọn ìyá ń fún ọmọ ọwọ́ lẹ́yìn tí ọmọ bá ti pé oṣù 6, nígbà tí omi ọyàn nìkan kò tó o mọ́: ta ni ó ń fún ọmọ ní ògì lásán, ta ni ó ń po sóyà tàbí edé lílọ̀ mọ́ ọn, kí ni ó sì fà á. Ìyá 96 ni mo ní láti bá sọ̀rọ̀. Mo ń lọ láti abúlé dé abúlé ní agbègbè Mọ́níyà àti Àkànràn, mo ń jókòó tì wọ́n ní ẹ̀bá ààrò wọn, mo sì ń gba ohùn wọn sílẹ̀. Kọ̀ǹpútà àtijọ́ tí mo ní ti darúgbó kọjá ẹni tí a lè gbé irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ lé lọ́wọ́.

Àwa obìnrin 12 ni a jọ ń dá àjọ ní ibi iṣẹ́, ₦20,000 ni ẹnì kọ̀ọ̀kan sì ń dá lóṣooṣù. Oṣù karùn-ún ni ó kàn mí láti kó o. Ẹ̀yin tí ẹ ń dá àjọ mọ̀ pé kí owó náà tó dé ọwọ́ ni a ti ná an tán nínú ọkàn. Fíríìsà ni mo ti fi tèmi rà nínú ọkàn, kí n lè máa ra ẹran àti ẹja ní ọ̀pọ̀ nígbà tí ó bá dínwó. Ṣùgbọ́n bàbá àwọn ọmọ mi ní, "Ìyá Ìbejì, iṣẹ́ ni yóò mú fíríìsà wá. Lọ ra ohun iṣẹ́." Mo gbà pé òótọ́ ni. Mo fi ₦5,000 kún ₦240,000, mo sì lọ sí ilé ìtajà ńlá kan ní ìlú Ìbàdàn.

Ẹ̀rọ amúlétutù ń fẹ́ yẹ́ẹ́ nínú ilé ìtajà náà. Àwọn ọmọge tí ń tajà wọ aṣọ kan náà, wọ́n ń pè mí ní "Mọ́mì wa". Wọ́n yọ kọ̀ǹpútà kan jáde nínú páálí, wọ́n tú ọ̀rá kúrò lára rẹ̀ lójú mi, wọ́n ní tuntun ni, àti pé bátìrì rẹ̀ lè ṣiṣẹ́ fún wákàtí 6 láìsí iná. Wọ́n kọ ọ́ sí ara rìsíìtì pé tuntun ni, wọ́n sì fún mi ní ìwé àdéhùn kan pé bí ohunkóhun bá ṣe é láàárín ọdún kan, ọ̀fẹ́ ni àtúnṣe rẹ̀. Mo kó ìwé méjèèjì sínú àpò ọ̀rá, mo fi wọ́n pamọ́ pẹ̀lú ìwé ìbí àwọn ọmọ mi. Ẹ rántí ìwé méjì yìí, nítorí pé ọ̀rọ̀ wọn ń bọ̀.

Oṣù àkọ́kọ́ dára. Bí àwọn ìbejì bá ti sùn ní alẹ́, n ó gbé ẹ̀rọ náà sí orí ìrọ̀rí lórí ibùsùn, n ó máa tẹ ọ̀rọ̀ àwọn ìyá sínú rẹ̀ títí di agogo 12. Bí mo bá ti tẹ ọ̀rọ̀ ìyá kan tán, n ó pa ohùn rẹ̀ rẹ́ nínú fóònù mi, kí àyè lè wà fún ohùn ẹlòmíràn. Mo rò pé ọgbọ́n ni mo ń gbọ́n.

Ní oṣù kejì ni wàhálà bẹ̀rẹ̀. Bí NẸ́PÀ bá mú iná lọ, ẹ̀rọ tí wọ́n ní yóò lo wákàtí 6 kì í lò tó ìṣẹ́jú 40. Lẹ́yìn náà ó bẹ̀rẹ̀ sí í gbóná bí ìkòkò ẹ̀kọ, fáànù inú rẹ̀ a máa pariwo, yóò sì kú lójijì láìdágbére. Ní alẹ́ Ọjọ́bọ̀ kan ní oṣù kẹjọ, mo ṣẹ̀ṣẹ̀ tẹ ọ̀rọ̀ ìyá kejìdínlógójì tán ni ojú ẹ̀rọ náà ṣẹ́ lẹ́ẹ̀kan, ó sì ṣú. Mo tẹ bọ́tìnnì rẹ̀ títí ìka fi ń dùn mí. Kò jí mọ́.

Ní ọjọ́ kejì mo gbé e padà lọ sí ibi tí mo ti rà á. Ojú tí wọ́n fi tà á fún mi kọ́ ni wọ́n fi wò mí. "Mọ́mì wa" ti di "Màdámù". Ọmọge tí ó gba owó lọ́wọ́ mi kò tilẹ̀ ṣí ẹ̀rọ náà wò. Ó ní, "Màdámù, títà ni tiwa. Bí ó bá ti bàjẹ́, ọ̀dọ̀ àwọn tí ń tún un ṣe ni ẹ ó gbé e lọ." Òdìkejì ìlú ni ibi àtúnṣe náà wà. Agogo 10 ni wọ́n ń ṣílẹ̀kùn, agogo 3 ni wọ́n sì ń tì í, ìyẹn ni pé ní gbogbo àkókò tí wọ́n fi ń ṣiṣẹ́, èmi náà wà lẹ́nu iṣẹ́ tèmi.

Mo tọrọ àyè, mo lọ. Ọkùnrin tí mo bá níbẹ̀ wò mí láti òkè dé ilẹ̀. Ó ní, "Màdámù, ṣé àwọn ọmọ kò da omi sí i?" Mo ní wọn kò dà á. Ó ní, "Ṣé ẹ kò lò ó nínú ilé ìdáná?" Mo ní n kò lò ó níbẹ̀ rí. Ó mí kanlẹ̀, ó ní, "Ọkọ yín dà? Ẹ jẹ́ kí òun wá, kí a lè ṣàlàyé fún un."

Owó àjọ mi ni mo fi ra ẹ̀rọ náà. Orúkọ mi ni ó wà lára rìsíìtì. Èmi ni mo mọ ọjọ́ tí ó bẹ̀rẹ̀ àìsàn àti ọjọ́ tí ó kú. Síbẹ̀, ṣé ẹ mọ ohun tí mo fi dá ọkùnrin náà lóhùn? Mo tẹrí ba, mo ní, "Ó wà ní ibi iṣẹ́." Mo dáhùn bí ẹni pé ìbéèrè náà tọ̀nà. Ó na ìwé kan sí mi, ó ní kí n fọwọ́ sí i. Mo fọwọ́ sí i láìkà á, nítorí pé mo ń sáré padà sí kíláàsì, ojú sì ń tì mí.

Láti ọjọ́ náà ni lílọ-bíbọ̀ ti bẹ̀rẹ̀. "Ẹ padà wá ní Ọjọ́bọ̀." "Ẹnjiníà kò wá lónìí." "Ohun tí a fẹ́ pààrọ̀ ń bọ̀ láti Èkó." "Ẹ pe nọ́ḿbà yìí." Bí mo bá pe nọ́ḿbà náà, ohùn kan tí a ti gbà sílẹ̀ a ní kí n tẹ 1, a ní kí n tẹ 2, orin a máa dún, owó inú fóònù mi a sì tán kí ènìyàn tó dáhùn. Ní ọjọ́ tí ènìyàn bá dáhùn, kì í ṣe ẹni tí mo bá sọ̀rọ̀ ní àná, n ó sì tún ìtàn náà rò láti ìbẹ̀rẹ̀. Ilé ìtajà ní ọ̀rọ̀ àwọn alátùn-únṣe ni. Àwọn alátùn-únṣe ní ọ̀rọ̀ ilé-iṣẹ́ tí ó ṣe ẹ̀rọ náà ni. Àwọn tí ń gbé fóònù ní kí n padà sí ilé ìtajà. Ìgbà 7 ni mo lọ láàárín ọ̀sẹ̀ 5. Ariwo ọjà ni mo ń wò.

Ohun tí ó tilẹ̀ burú jù ni pé mo ti gba ẹ̀bi náà sí orí ara mi. Bí mo bá dùbúlẹ̀ ní òru, ìrọ̀rí yẹn ni mo máa ń rò. Èmi tí mo ń kọ́ni bí a ti í tọ́jú ohun èlò ilé, tí mo máa ń sọ fún àwọn ọmọ pé kí wọ́n ka ìwé ìlànà kí wọ́n tó fi iná sí ohunkóhun, n kò ṣí ìwé ìlànà tèmi wò. Ọ̀bẹ kì í mú kí ó gbẹ́ èkù ara rẹ̀. Mo tún rántí ọjọ́ kan tí Kẹ́hìndé fi ọwọ́ tí epo wà lára rẹ̀ tẹ bọ́tìnnì ẹ̀rọ náà kí n tó gbé e kúrò. Mo ní bóyá ìyẹn ni. Mo ń wá ẹni tí n ó dá lẹ́bi, inú ilé mi ni mo sì ń wá a sí.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, lẹ́yìn tí mo ti ibi àtúnṣe bọ̀ lọ́wọ́ òfo, Kẹ́hìndé mú rìmóòtù tẹlifíṣọ̀n, ó ń fi ṣeré. Mo jágbe mọ́ ọn tó bẹ́ẹ̀ tí ọmọ ọdún méjì náà fi jù ú sílẹ̀, tí ó sì tọ̀ sára. Táíwò tí a kò bá wí bú sẹ́kún nítorí èkejì rẹ̀. Bàbá wọn dìde, ó gbé Kẹ́hìndé, ó pa á lára dà. Nígbà tí ó ṣe tán, ó fi ohùn jẹ́jẹ́ wí pé, "Ìyá Ìbejì, ọmọ yìí kọ́ ni ó tà á fún ọ." Kò sọ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Mo wọ inú yàrá lọ, mo sì sunkún. Gbogbo ìbínú tí ó tọ́ sí ẹlòmíràn, tí ẹnu mi kò gbà láti sọ níta, orí ọmọ mi ni mo wá sọ̀ ọ́ kà.

Ní ọ̀sẹ̀ kẹfà wọ́n pè mí pé kí n wá gbé ẹ̀rọ mi. Ó ti jí. Inú mi dùn, mo ṣí i níbẹ̀, mo wá ibi tí ọ̀rọ̀ àwọn ìyá wà. Kò sí ohunkóhun nínú rẹ̀. Ó mọ́ fo bí abọ́ tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ fọ̀. Mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́, àwọn ohun tí mo kọ sínú rẹ̀ dà?" Ọkùnrin náà ní, "A ti nu inú rẹ̀ nù, Màdámù. Bí a ti í ṣe é nìyẹn. Ẹ fọwọ́ sí i." Ó fa ìwé yọ. Òótọ́ ni. Ní ìsàlẹ̀ pátápátá, pẹ̀lú lẹ́tà tí kò tóbi ju ẹyin èèrà lọ, wọ́n kọ ọ́ pé ohun tí ó bá sọnù nínú ẹ̀rọ kò kan àwọn. Ọ̀rọ̀ ìyá 38 ti lọ. Ohùn wọn nínú fóònù, èmi ni mo fi ọwọ́ ara mi pa á rẹ́.

Ọjọ́ 4 péré lẹ́yìn èyí, ẹ̀rọ náà tún bẹ̀rẹ̀ sí í gbóná, ó tún ń kú lójijì. Ọ̀rẹ́ mi kan ní ibi iṣẹ́ wá júwe ọmọbìnrin kan fún mi tí ń tún kọ̀ǹpútà ṣe nínú ṣọ́ọ̀bù kékeré kan ní ẹ̀bá ọjà Bódìjà. Ọmọ náà kí mi kú ìrọ́jú. Kò béèrè omi, kò béèrè ọmọ, kò sì béèrè ọkọ. Ohun tí ó bi mí ni pé, "Ìgbà wo ni ẹ rà á, mà? Ṣé wọ́n ní tuntun ni?"

Ó fi iná sí i, ó tẹ ọ̀rọ̀ kúkúrú kan, ìwé àkọsílẹ̀ nípa bátìrì sì jáde ní ojú ẹ̀rọ. Ó ṣàlàyé rẹ̀ fún mi bí ìgbà tí mo bá ń kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi. Bátìrì kọ̀ǹpútà dà bí agbára ènìyàn: gbogbo ìgbà tí a bá lò ó tán tí a tún rọ agbára kún un, díẹ̀ a máa dínkù lára rẹ̀, kì í sì í padà bọ̀ sípò mọ́. Bátìrì náà fúnra rẹ̀ ni ó ń ka iye ìgbà bẹ́ẹ̀. Ti ẹ̀rọ mi, agbára tí a fi dá a jẹ́ 41,000, èyí tí ó kù kò ju 19,600 lọ, iye ìgbà tí a sì ti rọ agbára kún un jẹ́ 412. Ọmọbìnrin náà yí ojú ẹ̀rọ sí mi, ó ní, "Ẹ bá mi ṣírò, mà. Bí ẹ bá tilẹ̀ ń rọ ọ́ kún ní ẹ̀ẹ̀kan lójúmọ́ láìsinmi, 412 ju ọdún kan lọ." Oṣù 4 kò tíì pé tí mo rà á, ọ̀sẹ̀ 6 nínú rẹ̀ ni ó sì lò lọ́wọ́ àwọn alátùn-únṣe.

Ó tú ìdí ẹ̀rọ náà, ó fi inú rẹ̀ hàn mí. Eruku ti dì mọ́ ara fáànù bí ìyẹ̀fun tí omi kàn. Kọ̀ǹpútà ń mú ooru jáde bí ó ti ń ṣiṣẹ́. Fáànù ni ó ń fẹ́ ooru náà síta. Bí eruku bá dí ọ̀nà, ooru a ká mọ́ inú, ẹ̀rọ a sì pa ara rẹ̀ kí ó má baà jóná. Mo jẹ́wọ́ ọ̀rọ̀ ìrọ̀rí fún un. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní, "Ìrọ̀rí kò dára, mà, ẹ má lò ó mọ́. Ṣùgbọ́n ìrọ̀rí kò lè sọ ẹ̀rọ oṣù mẹ́ta di ẹ̀rọ ọdún mẹ́ta. Àlòkù ni wọ́n tà fún yín. Wọ́n nu inú ẹ̀rọ nù, ṣùgbọ́n bátìrì ní ìrántí tirẹ̀."

Ẹ̀yin ìyá, ó dà bí ìgbà tí a sọ ẹrù kalẹ̀ lórí mi. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í ka ohun tí òfin wí. Láti ọdún 1992 ni ìjọba àpapọ̀ ti gbé ìgbìmọ̀ kan kalẹ̀ láti gbèjà oníbàárà. Òfin titun tí a ṣe ní ọdún 2018, tí ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọdún 2019, sì fi àjọ tí a mọ̀ sí FCCPC rọ́pò rẹ̀. Òfin náà wí pé oníbàárà ní ẹ̀tọ́ sí ọjà tí ó dára, tí ó ń ṣiṣẹ́ bí ó ti yẹ, tí kò lábùkù, tí ó sì lè pẹ́ bí irú rẹ̀ ti í pẹ́. Ó wí pé bí ọjà bá jẹ́ àlòkù tàbí èyí tí a ti tún ṣe, dandan ni kí ẹni tí ń tà á sọ bẹ́ẹ̀. Ó sì wí pé kí olùtajà fún oníbàárà ní ìwé ẹ̀rí ohun tí ó rà. Gbogbo ìgbà tí mo fi ń tẹrí ba fún wọn, òfin ń bẹ lẹ́yìn mi, n kò mọ̀ ni.

Mo kọ lẹ́tà kan. N kò bú ẹnikẹ́ni nínú rẹ̀. Mo to gbogbo ọjọ́ tí mo lọ tẹ̀léra, ohun tí wọ́n sọ ní ọjọ́ kọ̀ọ̀kan, àti orúkọ tí ó wà ní àyà ẹni tí ó sọ ọ́. Mo so ẹ̀dà rìsíìtì mọ́ ọn, mo so ẹ̀dà ìwé àdéhùn àti àkọsílẹ̀ bátìrì mọ́ ọn. Ohun kan ṣoṣo ni mo béèrè: owó mi. Mo fún wọn ní ọjọ́ 14, mo ní bí ó bá kọjá bẹ́ẹ̀, n ó gbé ọ̀rọ̀ náà lọ síwájú àjọ FCCPC.

Bàbá àwọn ọmọ ní òun yóò bá mi lọ. Mo ní, "Ẹ ṣeun, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n lọ fúnra mi." N kò lọ sí ibi àtúnṣe mọ́, n kò sì pe nọ́ḿbà kankan. Ilé ìtajà ni mo lọ tààrà, mo béèrè ọ̀gá wọn. Nígbà tí mo jókòó dè é, mo bá obìnrin méjì tí àwọn náà gbé ẹ̀rọ wá. Ọ̀kan jẹ́ aránṣọ, ó ra tirẹ̀ fún ọmọ rẹ̀ tí ó wọ yunifásítì. Bí a ti ń sọ̀rọ̀, a rí i pé ọ̀nà kan náà ni wọ́n ti gbà yí wa. Àìrìnpọ̀ ejò ni ó ń jẹ ejò níyà. A gba nọ́ḿbà ara wa, àwọn náà sì kọ lẹ́tà tiwọn.

Ọ̀gá náà dé, ó wo lẹ́tà mi, ó ní, "Màdámù, ọkọ yín ńkọ́?" Mo ní, "Ó wà nílé, ó ń tọ́jú àwọn ìbejì. Èmi ni mo ra ọjà." Ó ní kí n jẹ́ kí àwọn tún un ṣe lẹ́ẹ̀kan sí i. Mo ní rárá. Mo ní kí ó fọwọ́ sí ẹ̀dà tèmi pé lẹ́tà ti dé ọwọ́ rẹ̀. Ó lọ́ra, ṣùgbọ́n ó fọwọ́ sí i. Ní ọjọ́ kọkànlá wọ́n pè mí. ₦245,000 mi pé.

Owó padà, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ àwọn ìyá kò padà. Mo tún ọ̀nà Mọ́níyà àti Àkànràn tọ̀. Nínú àwọn 38, mo rí 31. Mẹ́rin ti kó kúrò ní abúlé, méjì ní àwọn kò lè tún sọ̀rọ̀ kan náà lẹ́ẹ̀mejì. Ọ̀kan tí ó kù, ọmọ rẹ̀ ti kú, n kò sì ní ẹnu tí n ó fi bi í léèrè oúnjẹ tí ọmọ náà ń jẹ. Ohùn ìyá náà, nígbà tí ó ń fi ẹ̀rín sọ bí ọmọ rẹ̀ ti fẹ́ràn ògì tí ó gbóná, wà lára ohun tí mo pa rẹ́. Kò sí olùtajà tí ó lè san èyíinì fún mi.

Ní Àkànràn, mo ṣàlàyé ohun tí ó ṣẹlẹ̀ fún ìyá àgbà kan tí ń ta ẹ̀kọ, tí ó ń bá ọmọ rẹ̀ tọ́jú ọmọ. Ó wò mí tàánú-tàánú, ó ní, "Ọmọ mi, ibì kan ṣoṣo ni o kó gbogbo rẹ̀ sí?" Ó nawọ́ sí ara ògiri rẹ̀, níbi tí ó ti fi èédú fa ìlà gbèsè àwọn oníbàárà rẹ̀. Ó ní, "Èyí wà lára ògiri. Ọmọ-ọmọ mi kọ ọ́ sínú ìwé rẹ̀. Èmi náà sì ní in nínú orí. Bí òjò bá fọ ògiri, ìwé wà. Bí eku bá jẹ ìwé, orí wà. Bí orí bá gbàgbé, ògiri wà." Mo ti kàwé títí, n kò ronú dé ibẹ̀.

Nítorí náà, ẹ̀yin èwe ìyá, ẹ jẹ́ kí n fi ìwọ̀nba ọ̀rọ̀ yìí sí yín létí, yálà kọ̀ǹpútà ni ẹ fẹ́ rà tàbí fóònù, fíríìjì tàbí ẹ̀rọ ìránṣọ.

Èkíní, ní ọjọ́ tí ẹ bá ń rà á, ẹ jẹ́ kí wọ́n kọ ọ́ sí ara rìsíìtì bóyá tuntun ni tàbí àlòkù, kí wọ́n sì kọ nọ́ḿbà ìdánimọ̀ tí ó wà lára ẹ̀rọ náà. Bí kọ̀ǹpútà bá ni, ẹ ní kí wọ́n fi àkọsílẹ̀ bátìrì hàn yín kí ẹ tó sanwó. Àlòkù kò burú bí owó bá mọ. Irọ́ ni ó burú.

Èkejì, ẹ má gbé ẹ̀rọ fún alátùn-únṣe láìkọ́kọ́ ṣe ẹ̀dà ohun tí ó wà nínú rẹ̀, bí ó bá ṣì ń jí. Bí kò bá jí, ẹ kọ ọ́ sí ara ìwé wọn pé wọn kò gbọdọ̀ nu inú rẹ̀ nù láìsọ fún yín. Ẹ ka ohunkóhun tí ẹ bá fẹ́ fọwọ́ sí, pàápàá lẹ́tà kékeré ìsàlẹ̀.

Ẹ̀kẹta, ohun tí kò ṣeé pàdánù, àwòrán ọmọ, ìwé ẹ̀rí, iṣẹ́ yín, ẹ fi í sí ibi mẹ́ta bí ìyá Àkànràn: sínú ẹ̀rọ, sínú fláàṣì tí ẹ tọ́jú sí ibòmíràn, àti sórí íntánẹ́ẹ̀tì.

Ẹ̀kẹrin, ẹ gbé kọ̀ǹpútà sí orí tábìlì tí ó le, kí ihò tí afẹ́fẹ́ ń gbà má baà dí. Ẹ má fi í sílẹ̀ nínú ọkọ̀ tí oòrùn ń pa, nítorí pé ooru a máa ba bátìrì jẹ́. Iná tí ń pọ̀ lójijì tí ó sì ń dínkù lójijì kò dára fún un, nítorí náà ẹ yọ ọ́ lára iná bí iná bá ń ṣe ségesège. Bí bátìrì bá wú, ẹ má lò ó mọ́, ẹ má sì gún un, nítorí pé ó lè gbiná.

Ìkarùn-ún, ẹ ní ìwé kékeré kan tí ẹ ó máa kọ ọjọ́ àti ọ̀rọ̀ sí nígbà tí ọjà bá bàjẹ́. Ẹni tí ó gba owó lọ́wọ́ yín ni kí ẹ kọjú sí, bí ó ti wù kí ó júwe ilé ẹlòmíràn fún yín tó.

Mo parí ìwádìí mi ní ọdún 2023. Kẹ́hìndé ti dàgbà tó láti tẹ kọ̀ǹpútà báyìí, ó sì máa ń wo ojú mi kí ó tó fọwọ́ kàn án. Ìwò yẹn ni ó kù tí mo ń san gbèsè rẹ̀. Bí mo bá ti rí i bẹ́ẹ̀, n ó fà á mọ́ra, n ó ní kí ó jókòó tì mí, kí a jọ tẹ̀ ẹ́. Kí Ọlọ́run má ṣe jẹ́ kí a fi ìyà tí òǹtajà fi jẹ wá jẹ àwọn ọmọ wa.